Ìjókòó Ìpele Kẹta

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 1987

Ìkùukùu mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ tí kò mọ ìsinmi. Má bínú pé orúkọ yẹn náà ni mo ṣì ń pè ọ́. Bí ojú rẹ ṣe máa ń ṣú láàárọ̀ láti kékeré ni mo ń rí lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà. Kà á fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n má kà á sókè níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo pé ọdún mẹ́wàá ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yìí. Òfin wọn ni pé òṣìṣẹ́ tó bá pé ọdún mẹ́wàá lè ra ọ̀kan lára ọkọ̀ tí a ń ṣe, wọn á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni. Mo fẹ́ rà á.

Má tíì pariwo. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní bí ọkọ̀ tí bàbá onílé fi ń gbé ìdílé rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, ti eré ìje ni. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é. Ìpele kìíní: ìjókòó aláṣọ, táyà tó mọ níwọ̀n, ẹ́ńjìnnì kékeré. Ìpele kejì: ẹ́ńjìnnì ńlá, rédíò tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì, gíláàsì tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì gbé sókè gbé sódò. Ìpele kẹta: gbogbo ìyẹn, òrùlé tó ń ṣí, àti ìjókòó aláwọ tí wọ́n fi ọwọ́ rán. Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ àwa obìnrin mẹ́fà tó wà ní yàrá awọ. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń rán an, mi ò tíì jókòó sínú ọ̀kankan rí. Tí a bá ti rán an tán, wọ́n á gbé e gba ojú fèrèsé kan lára ògiri lọ sí òdìkejì. Ibẹ̀ ni tèmi parí sí.

Owó tí mo kó jọ á ra ìpele kìíní, èyí tó nítumọ̀ á sì kù. Ìpele kejì á bu lára èyí tó kù yẹn. Ìpele kẹta á gbá gbogbo rẹ̀ lọ, wọn á tún máa yọ díẹ̀ nínú owó oṣù mi fún ọdún méjì. Ìwọ lo mọ ìwé. Mo fi ìwé àwòrán rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Wò ó, kí o sọ èyí tí o rò pé kí n mú. Ọ̀rọ̀ rẹ ni màá tẹ̀ lé.

Èmi ìyá rẹ, aránwọ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, 1987

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àǹtí ní kí n kí yín dáadáa kí n tó fa ìjà, nítorí náà mo ti kí yín.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan ná. Nígbà tí mo ṣí ìwé àwòrán yẹn, ẹnu mi là, kò sì tètè padé. Mi ò mọ̀ pé irin lè rí báyẹn. Iwájú rẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sáré tí wọn ò tíì ní kó máa lọ. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú mi. Ní ojú ewé kẹjọ tí ìjókòó wà, mo fi ìka tẹ àwòrán bí ẹni pé ó máa rọ̀. Mo wá ń ka ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kà á dé ọgọ́fà, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Mo ní, ṣé ìyá mi ló ṣe èyí?

Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, inú ọ̀hún kò sì tíì rọ̀.

Màmá, lọ́dún tó kọjá tí wọn ò gba ìwé tí ẹ fi fẹ́ mú mi wá bá yín lókè òkun, ẹ kọ̀wé pé kò sówó láti tún un bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi oúnjẹ kan ẹnu. Kíláàsì kẹrin ní girama ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí mo rò pé mo ti fẹ́ máa lọ, kí ni mo tún fẹ́ kà. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ti jáde. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, mò ń ran bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni. Kò sówó, mo gbà. Owó ọkọ̀ wá wà! Ẹ sì tún ní èmi tí mo mọ ìwé ni kí n bá yín yan èyí tó dáa.

Mo ka lẹ́tà yín fún Àǹtí. Ó ní, "Ọkọ̀ tó ń sáré? Níbo ló ń sáré lọ? Ṣé ìyá rẹ jí nǹkan ni?" Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má kọ èsì lónìí, kí n jẹ́ kó di ọ̀la. Òní náà ni mò ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ mú ìpele kẹta. Ẹ jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ ṣí kí ẹ máa wo ojú ọ̀run. Ẹ má ro tèmi mọ́ ọn, mi ò nílò kọ́bọ̀ nínú owó yín. Tí ẹ bá sì ń rò ó lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan màá wá bá yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Mi ò wá mọ́. Ibi tí mo wà tó mi. Mo ti dàgbà, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Èmi náà ni Ìkùukùu yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin, 1987

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé, mo sì gbé e sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi dé ọjọ́ Ẹtì. Mo gbọ́ ọ.

Mo bu ọwọ́ lu ìwé ìpele kẹta lánàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ wò mí títí. Ó ní, "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú? Ìpele kìíní náà dáa o." Mo ní ọmọ mi ló bá mi yàn án. Ó ní ọmọ yín mọ nǹkan tó dáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Owó tí mo ní ó máa kù lábẹ́ ìpele kìíní, tìrẹ ni. Ìwé rẹ ni mo fẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀, kí n sì fi èyí tó bá kù ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú rẹ. Mi ò sọ ọ́ nítorí ọjọ́ mẹ́ta tí o kò jẹun yẹn. Mo ti búra pé o kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́ títí ìwé yóò fi wà lọ́wọ́ mi. Lọ́ọ̀yà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún nìkan ni ìyá lè mú wọ̀lú níbí. Oṣù kẹwàá lo máa pé e. Ìwé sì ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n o ní o kò wá mọ́, o sì ní o mọ ohun tí ò ń sọ. Ìwọ náà ti ń lọ sí ọdún méjìdínlógún. Mi ò ní fi okùn fa ọmọ mi bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ.

Awọ ọkọ̀ mi, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára, á dé orí tábìlì wa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo ti bẹ àwọn obìnrin márùn-ún yòókù pé kí wọ́n fi ti nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ fún mi. Wọ́n pariwo, wọ́n patẹ́wọ́. Àgbà inú wọn sunkún. Ó ní láti ìgbà tí yàrá awọ ti wà, kò sí aránwọ kan tó jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. Ìyẹn ba mí lẹ́rù díẹ̀.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá rẹ.


WÁYÀ. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 1987

MÀMÁ MO PURỌ́. MO FẸ́ WÁ. Ẹ MÁ RÀ Á. LẸ́TÀ Ń BỌ̀.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 1987

Màmá,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú gbogbo rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, lórí káńtà, pẹ̀lú bírò tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Ìkọ̀wé mi kò lè dúró déédéé.

Irọ́ ni. Gbogbo ohun tí mo kọ nísàlẹ̀ lẹ́tà yẹn, irọ́ ni. Èyí tó wà lókè nípa àwòrán nìkan ló jẹ́ òótọ́. Mo fẹ́ kó dùn yín ni. Mo rò pé tí mo bá ní mi ò wá mọ́, ẹ máa kọ̀wé bẹ̀ mí. Mo ti ro ohun tí ẹ máa kọ, mo ti ro bí màá ṣe kọ́kọ́ kọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa gbà mí gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa ń gbà mí gbọ́ nínú ilé yìí!

Mo ka lẹ́tà yín tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àǹtí ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo kà á fún un. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn ló burú jù. Ó bọ́ tẹ́ẹ̀pù kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó ní, "Ẹyin lohùn o, ìwọ ọmọ yìí." Mo ní mo mọ̀, mà, mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ná. Ó ní, "Dìde, a ń lọ fi wáyà ránṣẹ́. Má kọ gbọọrọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó rẹ̀." Mo fẹ́ fi "ẹ dárí jì mí" sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin nìyẹn, kí n kọ ìyẹn sínú lẹ́tà.

Ẹ dárí jì mí.

Mo ti ka oṣù rẹ̀ lórí ìka mi. Tí ìwé bá wọlé kí oṣù kẹfà tó tẹnu bọlẹ̀, ó ṣì ṣeé ṣe. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ẹ ní ọmọ yín kò mọ nǹkan kan.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún, 1987

Màmá mi,

Ẹ kú àìfojúrínra. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dín ọjọ́ méjì. Bàbá tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi lókèèrè, á kàn ju ọwọ́ báyìí, kó má bàa sún mọ́ mi kó tó sọ pé kò sí.

Mi ò kọ èyí láti dà yín láàmú. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹnì kan gbé àpò awọ wá pé kí Àǹtí bá òun tún etí rẹ̀ rán. Mo ní kó jẹ́ kí èmi rán an. Ó ní awọ kò jọ aṣọ o. Mo ní mo mọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ kò wọlé. Mo tì í títí orí rẹ̀ fi gún mi ní àtẹ́lẹwọ́. Mo rán ojú méje, ìdajì wákàtí, méjì nínú wọn sì wọ́. Mo fẹ́ tú u kí n tún un rán. Àǹtí di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Dúró. Aṣọ máa ń gbàgbé. Tí o bá tú u, tí o lọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Awọ kì í gbàgbé. Ibi tí o bá ti lu, ihò náà wà níbẹ̀ títí ayé."

Mo bojú wo ojú méje yẹn. Mo sáré wọlé lọ gbé ìwé àwòrán jáde, mo ṣí ojú ewé kẹjọ. Kò sí ẹyọ kan tó wọ́. Ẹyọ kan! Gbogbo rẹ̀ tò lọ bí ẹni pé èèrà ló ń rìn lọ sílé. Màmá, ọdún mẹ́wàá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọkọ̀, bí ẹni ń sọ pé ẹ̀ ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Mi ò bi yín léèrè rí pé báwo lẹ ṣe ń ṣe é. Ojú tì mí, ẹ̀rù tún bà mí, irú ẹ̀rù tí èèyàn máa ń ní níwájú odò ńlá.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ rèé, mo sì dúró di ọjọ́ kejì kí n tó kọ ọ́, Àǹtí lè jẹ́rìí. Tí wáyà mi bá ti pẹ́ jù, tí wọn ò gbà kó yí padà, ẹ gba ọkọ̀ yín. Ẹ jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Màá sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín mọ́. Àmọ́ mi ò ní bá yín jà, láyé mi mi ò ní fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Ìkùukùu yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 1987

Ìkùukùu mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹ̀gbọ́n mi tó fi owó wáyà ṣòfò. Má bínú pé mo pẹ́. Mi ò fẹ́ kọ̀wé pé "bóyá". Mo fẹ́ kọ̀wé pé "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́".

Ọjọ́ tí wáyà rẹ dé, awọ nọ́ńbà mi ti wà lórí tábìlì mi, mo sì ti rán an dé ìdajì. Mo kà á, mo jókòó. Àgbà inú wa ní kí ni wọ́n kọ. Mo ní ọmọ mi ń bọ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ ń kọ́?" Mo mú abẹ́rẹ́ mi, mo rán an parí. Láti ọdún mẹ́wàá, mi ò rán èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin oníwèé. Ó ní kò ṣeé ṣe láti sọ̀kalẹ̀ sí ìpele kìíní, ọkọ̀ ti wọlé ẹ̀rọ. Àfi kí n fi í sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń dúró de irú rẹ̀ níta, ẹni tó kàn á gbà á, wọn á dá owó mi padà pé. Ṣùgbọ́n àǹfààní ọdún mẹ́wàá mi ti lọ nìyẹn, kò ní padà wá. Ó ní kí n lọ rò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó ráyè gbà mí. Mo bu ọwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá pé mo fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tí owó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo gbé e lọ fún lọ́ọ̀yà. Ìwé rẹ ti wọlé. Mo ní rìsíìtì rẹ̀.

Mo fẹ́ kọ ibẹ̀ yẹn kí n parí, àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lánàá.

Bàbá kan wà tó máa ń wa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yí pápá ká kí wọ́n tó gbé e jáde, láti mọ̀ bóyá ó yè. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá awọ. Ó ní, "Èwo nínú yín ló ni ọkọ̀ nọ́ńbà mẹ́tàléláàádọ́rin?" Mo ní èmi ni tẹ́lẹ̀, kì í ṣe tèmi mọ́. Ó ní, "Ìyẹn kò kàn mí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo máa ń lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé o mọ ọkọ̀ wà?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Ọmọ mi, mo kọjá sí òdìkejì fèrèsé ògiri yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo gbà. Ó dúró sínú oòrùn, dúdú, ó ń dán bí omi inú kànga. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wọlé. Mo pa ilẹ̀kùn náà dé, ó sì padé bí ẹnu àgbàlagbà tó mọ àṣírí. Ariwo ilé-iṣẹ́ kú. Gbogbo rẹ̀! Mo ń gbọ́ èémí ara mi. Ìjókòó ọ̀hún gbà mí lẹ́yìn, ó gbà mí nítan, ó dì mí mú bí ẹni tó ti ń retí mi. Mo fi ọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bá ojú ìrán mi níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé báyìí ló máa ń rí. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣe é fún àwọn èèyàn, mi ò mọ̀ pé báyìí ni mò ń ṣe sí wọn.

Bàbá yẹn wọlé sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Bàbá yẹn ní, "Tẹ̀ ẹ́ síwájú, kò ní bú ọ." Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ojú ọ̀nà ń ká bọ̀ lábẹ́ wa bí ẹní. Ní kọ́nà, mo rò pé a máa ṣubú, kò tilẹ̀ mì, ó kàn tẹ̀ síbi tí mo fẹ́. Mo pariwo. Mo pe orúkọ rẹ, orúkọ gidi tí a sọ ọ́. Bàbá yẹn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dúró, kò wo aago. Mo mọ̀ pé ó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ.

Dókítà kan ló gbé e lọ lónìí.

Má bẹ̀ mí mọ́. Jẹun.

Ìyá rẹ, aránwọ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1987

Màmá mi,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ewu.

Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi. Àná ni mo gbà á. Mo fi han bàbá tó ń pín lẹ́tà, ó bọ́ fìlà. Àǹtí gbé e lọ síbi iná, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Pépà tín-ín-rín yìí náà ni?" Lẹ́yìn náà ló jókòó ti maṣíìnì, kò sì rán nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ló kọ́ yín ní abẹ́rẹ́ dídì mú, kí ẹ má gbàgbé.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ òfurufú mi. Lọ́jọ́ náà, á ku ọjọ́ mọ́kànlá kí n pé ọdún méjìdínlógún. Mo ka lẹ́tà ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn títí ibi tí mo ti ń ká a fi ń ya. Ìgbà tí mo bá dé ibi tí ẹ ti pariwo orúkọ mi, mo máa ń pa á dé, mo máa ń jáde síta, màá rìn yí ilé ká kí n tó lè kà á lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú nǹkan báyìí. Tíṣà wa kò kọ́ wa, tàbí ó ti kọ́ wọn lẹ́yìn tí mo kúrò.

Ẹ ní bọ́ọ̀sì méjì la máa wọ̀ láti pápá ọkọ̀ òfurufú dé ilé yín. Kò burú. Ẹ má wá takisí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Mo fẹ́ wo ọwọ́ yín dáadáa. Tí ẹ bá dúró síbi tí wọ́n ti ń dúró de èèyàn, tí òtútù bá tilẹ̀ ń mú, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi wọ́n sápò.

Ọmọ yín.